Ẹni Tí Balógun Kò Rán Níṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wa, orí bẹ́ǹṣì kan náà la sì jókòó sí títí a fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ìfọ́n ni ó lọ ilé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò tíì bímọ. Ẹni tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé wọn ní Ọ̀wọ̀ ni àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà, tí ó sì ń bá àwọn ènìyàn to sólà sórí òrùlé. Bí ìyẹn bá kó jáde, ọ̀rẹ́ mi yóò máa dá gbé, òun àti ariwo fíríìjì. Bí ó ṣe kù díẹ̀ kí ó kó jáde ni mo fẹ́ sọ, àti bí eré tí à ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Agùnbánirọ̀ kan tí wọ́n gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó kọ́ mi ní eré náà. Nígbà tí ó ń lọ, ó fi dáìsì méjì sílẹ̀ fún mi. Eré yìí kò ní pátákó bíi ti lúdò, ẹnikẹ́ni kì í sì í jẹ ẹnì kejì. Ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn. Àwọn yòókù, kálukú yóò mú ènìyàn kan nínú ìtàn náà, yóò sì máa sọ ohun tí ẹni rẹ̀ ṣe. Bí ohun náà bá le, bíi kí ó gun igi tàbí kí ó sá fún ẹfọ̀n, yóò ju dáìsì. Bí ó bá jẹ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti bọ́. Bí kò bá tó, ojú rẹ̀ yóò rí màbo. Gbogbo wọn ni ó gbọ́dọ̀ jọ ṣe é kí wọ́n tó lè dé ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi ni apàlọ́. Tíṣà ni mí, mo fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn máa gbọ́, n kò ní purọ́.

Àwa mẹ́rin la ń ṣe é: èmi, ọ̀rẹ́ mi, àbúrò ọkọ rẹ̀, àti bàbá télọ̀ kan láti àárín ìlú, Mùsùlùmí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó wá wọn èjìká mi ní ọjọ́ kan, ó bá wa lórí eré, ó sì jókòó. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti kírun Àílà tán ní ọjọ́ Àìkú, yóò dé. Bí Alaásárì bá tó, yóò gba búta omi lọ́wọ́ mi, yóò ṣe àlùwàlá lẹ́yìn ilé, eré parí nìyẹn. Èdè Ọ̀wọ̀ la fi ń ṣe é. Mo ti yí púpọ̀ rẹ̀ sí ti ìwé níhìn-ín kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn lè bá wa lọ, àfi ibi tí ó bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nínú ìtàn tí mo dá sílẹ̀, odò ìlú kan gbẹ, ọba sì rán ènìyàn mẹ́ta pé kí wọ́n wọ igbó lọ wo ohun tí ó dí orísun rẹ̀. Bàbá télọ̀ ní òun yóò jẹ́ ìyá arúgbó kan tí ó mọ ewé, tí orúnkún ń dùn, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. A bi í pé kí ló dé tí kò ṣe ọkùnrin. Ó ní òun ti ń ṣe ọkùnrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ó ti sú òun. Àbúrò ọkọ jẹ́ ọdẹ, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ríran jìnnà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún lórí ewé gbígbẹ. Ọ̀rẹ́ mi la fi jẹ balógun. Ọ̀gá ni ó jẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké a máa ta gìrì bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. A rò pé àṣẹ pípa kò lè nira fún un.

Ibẹ̀ la ti ṣìnà. Mo sọ fún wọn pé wọ́n dé oríta kan, ewé bo ilẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó wà níwájú. Ọ̀rẹ́ mi ronú díẹ̀.

“Ìyá arúgbó,” ó ní, “ẹ bá wa lọ wo iwájú.”

Bàbá télọ̀ wo ọdẹ, ó wo ọ̀rẹ́ mi, ó wá fi ohùn tín-ín-rín tí ó ń lò fún ìyá arúgbó dáhùn. “Èmi, Balógun? Pẹ̀lú orúnkún yìí?”

“Ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀.”

Ó ju dáìsì, ó bọ́ sí mẹ́ta. Ìyá arúgbó já sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún ẹran. Bàbá télọ̀ ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ pé àgbà kò lè wà nínú kòtò. A rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà la fi yọ ọ́ jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹnì kan ní láti gun igi lọ wo ibi tí èéfín ti ń rú. Balógun fúnra rẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gùn ún, ó sì já bọ́. Ọdẹ jókòó sábẹ́ igi náà, ọrun ń bẹ ní èjìká rẹ̀, ó ń wò ó. Inú bí mi, n kò sì mọ bí a ti ń fi inú bíbí pamọ́. Mo ní, “Kí ni ọdẹ wà fún nínú ìtàn yìí, ṣé láti máa ka eèrà ni?” Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ó kàn jẹ́ pé òun kò rántí ni. Irọ́ ló ń pa. A ti jọ dàgbà, mo mọ ẹ̀rín irọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti gbé ilé ọkọ lọ́dọ̀ wa yóò ti mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ kékeré ni ọmọkùnrin yìí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wọlé wọn, “ọkọ mi” ló sì ń pè é láti ìgbà náà. Bí ó bá ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò tẹ orúnkún ba díẹ̀. Ó ń fọ aṣọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wọn wúwo bí ẹran tó kú, òun ló ń fà á jáde, òun ló ń fà á wọlé, ọkùnrin gìdìgbà wà nínú yàrá. Mo máa ń sọ fún un pé ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe é ní ẹ̀yìn ríro. Ó ní ọkọ òun ni.

Mo wá ṣe òfin. Mo ní nínú ìtàn wa, kò sí ìyàwó, kò sí ọkọ, balógun ni balógun, ọdẹ ni ọdẹ, ẹni tí ó bá rú òfin yóò ra súyà fún gbogbo ilé. Gbogbo wọn ní ó dára. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ ní ó dára. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó tún rán ìyá arúgbó lọ wo iwájú, ó sì ra súyà náà láì jà.

Nígbà tí ó yá, wọ́n dé etí odò kan tí igi kan dábùú rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé igi náà ti jẹrà. Ibi tí ọdẹ ti lè mú wọn gba ìsàlẹ̀ odò kọjá wà níbẹ̀, ó kàn fẹ́ kí wọ́n ní kí ó lọ wá a ni. Balógun ní òun yóò kọ́kọ́ dán igi náà wò. Ó ju dáìsì, ó bọ́ sí méjì. Igi ṣẹ́, Balógun wọ odò lọ. Ọdẹ ló súnmọ́ ọn jù, ó sì mọ odò wẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú sí àbúrò ọkọ.

“Kí ni ọdẹ ṣe?”

“Ó jókòó.”

“Ó jókòó?”

“Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́.”

Ohùn rẹ̀ kò ga. Bàbá télọ̀ gbàgbé ohùn ìyá arúgbó, ó fi tirẹ̀ sọ pé, “Ọmọ mi, Balógun ń rì.”

“Mo rí i, Bàbá.”

Ìyá arúgbó ló ju okùn, tí ó fi orúnkún rẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí ó fa balógun jáde. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí àbúrò ọkọ ṣe ń wọ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún mi pé òun ti rí yàrá kan ní ojú ọ̀nà Isuada, bí oṣù bá parí, òun yóò kó lọ. Èmi ló sọ ọ́ fún. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó ilé rẹ̀ tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní kíṣìnì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó sì sunkún. Ẹni tí ó ti gbé òkú láì ṣẹ́jú, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún un?” ó ní. “Láti ọjọ́ tí ó ti dé ulé mi, mi ò fi uṣẹ́ kankan lọ̀ ọ́ rí. Mi ò rán an ra iyọ̀ rí. Kí ni ó tún fẹ́?”

“Bóyá ó fẹ́ fẹ́yàwó ni,” mo ní.

“Kó fẹ́ ẹ wálé, ulé náà gbà wọ́n.” Ó nu imú. “Ọwọ́ mi ni ìyá wọn fi í sí kó tó kú. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má jẹ́ kó dá wà. Àwọn ará Ìfọ́n yóò ní èmi ni mo lé e. Ìyẹn gan-an kọ́. Bí mo bá ti ibi uṣẹ́ dé, mo máa ń gbọ́ bí ó ṣe ń kọrin nínú yàrá rẹ̀, mo sì máa ń mọ̀ pé mo délé.”

Mo fún un ní tíì. Ìyá wọn ti kú láti òjò èṣí, lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ọmọkùnrin yẹn kó wá sí Ọ̀wọ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi lọ tán, inú bí mi sí ọmọkùnrin náà, mo ní aláìmoore ni, ẹni tí wọ́n ń fọ ṣòkòtò fún.

Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù dé. Mo rò pé wọn kò ní wá, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì wá, wọ́n jókòó ní igun méjì tábìlì. Bàbá télọ̀ kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó jókòó, ó ní òun ní ẹjọ́ kan.

“Láti ìgbà tí a ti kúrò nílùú,” ó ní, “ìyá arúgbó yìí kò tíì jẹun. Ó ti já sí kòtò, ó ti fa ènìyàn lódò, kò tíì jẹ òkèlè kan. Bí eré yìí yóò bá tú ká lónìí, ẹ jẹ́ kí ó yó kí ó tó tú ká.”

Òótọ́ ló sọ. Ogun àti ẹranko ni mo ti ń fi lé wọn kiri, n kò jẹ́ kí wọ́n dáná rí. Mo kó dáìsì sí àpò. Mo ní, “Ó dára. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nínú igbó. Ibi tí ẹ wà tẹ́jú, kò sí ewu. Ẹ wá nǹkan jẹ.”

Ìyá arúgbó ní òun di usu méjì sínú àpò láti ilé, àti epo nínú ìgò. Ó ní ta ni yóò ṣẹ́gi.

“Èmi yóò ṣẹ́ ẹ,” ni ọ̀rẹ́ mi wí.

“Ta ni yóò máa yí iṣu?”

“Èmi náà ni.”

“Omi ńkọ́?”

“Bí mo bá ṣẹ́gi tán, n ó lọ pọn ọ́n.”

Àbúrò ọkọ gbé ojú sókè. “Balógun,” ó ní.

Ọ̀rẹ́ mi wò ó. “Ọdẹ.”

“Mo jókòó síbí. Ọwọ́ mi méjèèjì pé. Kí ló dé tí ẹ fi ń ṣẹ́gi, tí ẹ tún ń pọn omi, tí mo sì wà níbí?”

Nínú ilé wọn, kò lè bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn láéláé, ìyẹn náà kò sì lè dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi kí n gba òun sílẹ̀. Mo mirí. Mo ní, “Ọdẹ ló béèrè, Balógun ni yóò dáhùn.”

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, tábìlì ló ń bá sọ ọ́. “Ọjọ́ tí wọ́n mú mi dé ilé yín, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé. Ọmọkùnrin kékeré kan ló gbé omi wá. Ike náà tóbi jù ú lọ, omi ń dà sí i láyà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ mi, títí dé àárín ọmọ ìka. Àwọn yòókù ń pariwo, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín. Òun ò bá wọn ṣe é. Ìyá rẹ̀ wá ní, ‘Ọkọ rẹ nìyẹn o.’ Ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ fọ ẹsẹ̀ mi nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí, ọdẹ, ṣé èmi ni n ó tún máa rán an lọ pọn omi? Mo ní ó ti pọn tirẹ̀. Mo ní ó kù tèmi.”

Bàbá télọ̀ yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọmọkùnrin náà ń fi èékánná ha igi tábìlì mi, n kò sì bá a wí.

“Balógun,” ó ní, “ìyá mi ló rán mi ní omi yẹn. Ọmọ pọ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà, èmi ló pè. Ó ní, ‘Ìwọ, lọ gbé omi ìyàwó wá.’ Mo sáré, mo dà á nù, mo padà lọ pọn òmíràn. Ìyá mi kì í jẹ́ kí n sinmi. Lọ ra iyọ̀, lọ wá ewúrẹ́, lọ pe bàbá rẹ. Mo máa ń kùn. Láti ìgbà tí ó ti kú, kò sí ẹni tí ó rán mi níṣẹ́ mọ́. Bí mo bá jí, oúnjẹ ti wà lórí tábìlì. Bí mo bá dé, aṣọ mi ti mọ́. Àlejò là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, Balógun. Mo ní bóyá ẹ ń dúró kí àlejò máa lọ ni, tí ẹ ò lè sọ.”

Ojú ń tì mí nítorí ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí débi pé mo fẹ́ dìde lọ gbá a mọ́ra. Mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kúnlẹ̀, ó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó wá pe orúkọ ọmọkùnrin náà, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é gan-an. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé wọn.

“Lọ bu omi wá fún mi,” ó ní. “Òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Mo rò pé ọdẹ ni yóò dìde nínú ìtàn. Ọmọkùnrin náà ló dìde lórí àga. Ó wọ kíṣìnì mi lọ, mo gbọ́ tí ó ṣí ìdérí ìkòkò omi. Ó gbé ife dé, ó kún dẹ́nu, ó ń dà sí i lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi mu ún títí ó fi tán, omijé ń bọ́ sínú ife náà bí ó ti ń mu ún. Ó wá wo ìsàlẹ̀ ife.

“Ife yìí ò mọ́,” ó ní. “Lọ fọ̀ ọ́.”

Ìyá arúgbó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín rẹ̀. Èmi ni mo ni ife náà, ó sì mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbà bẹ́ẹ̀.

Kò kó lọ sí ojú ọ̀nà Isuada. Nínú ìtàn, ọdẹ ló ń ṣíwájú wọn báyìí, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orísun odò. Ìyá arúgbó ti sanra.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí ìyá wọn ní Ìfọ́n, mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi lọ. Gbogbo ìyàwó ilé ló péjọ sídìí ààrò, àwọn àgbà wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kékeré ń fọ ìrẹsì. Iná fẹ́ kú. Ọ̀rẹ́ mi nàró, ó gbàgbé ibi tí ó wà, ó kígbe orúkọ ọmọkùnrin náà pé kí ó gbé ugi wá. Ìyàwó tí ó dàgbà jù láàárín wọn dìde lórí àpótí rẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ta ni o ń pè bẹ́ẹ̀? Ọkọ rẹ ni o ń pè lórúkọ, o sì ń rán an ní ugi?”

Ọ̀rẹ́ mi ti ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ojú tì í. Kò tíì délẹ̀ tí ohùn ọmọkùnrin náà fi dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Mo ti ń bọ̀ o,” gbogbo wa sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń sáré.